Amúkùn-ún Ra Ẹrù Tuntun

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Òwe yìí ti mọ́ wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé amúkùn-ún ló gbọ́n jù nínú rẹ̀. Àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pariwo, òun ò pariwo. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, tí wọ́n tú u, tí wọ́n tún un dì, tí wọ́n fi òṣùká tuntun sí i nídìí, yóò tún wọ́ náà ni bí òun bá ti gbẹ́sẹ̀. Kò bú ẹni tó di ẹrù. Kò ní kí wọ́n wá òmíràn fún òun. Ó kàn ní kí wọ́n wo ilẹ̀ díẹ̀.

Amúkùn-ún òde òní ò rí bẹ́ẹ̀. Tiwa fúnra rẹ̀ ló ń pariwo pé ẹrù wọ́. Òun ló ń dá àwọn èrò ọ̀nà dúró kí wọ́n wá wo nǹkan tójú òun ń rí: "Ẹ wo bí Windows ṣe ń ṣe mí!" Èrò ọ̀nà á gbójú sókè, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Háà, bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ ra Mac." Kò sí ẹni tó wo ìsàlẹ̀ nínú gbogbo wọn, ìdí rẹ̀ ò sì jìnnà: kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹsẹ̀ ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹrù ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Mo mọ ọ̀gá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ ní Èkó. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé àwa méjèèjì ṣì jọ ń jẹun pọ̀. Bí ẹ bá ṣí láptọ́ọ̀pù Windows dúdú rẹ̀ nígbà náà, ẹ ò ní rí àwòrán tó fi ṣe ojú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, fáìlì ti bò ó mọ́lẹ̀. "Mínítì ìpàdé" wà níbẹ̀. "Mínítì ìpàdé tuntun" wà níbẹ̀. "Mínítì tuntun gan-an" wà níbẹ̀, "Mínítì tó pé," "Mínítì tó pé 2," àti ọ̀kan báyìí tó ń jẹ́ "Ẹ má pa èyí rẹ́ o." Office inú rẹ̀, ọmọkùnrin kan ló bá a fi sí i ní owó pọ́ọ́kú lábẹ́ agboòrùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe ni pé ó pa ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì. "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pa eléyìí ná, òun ló ń yọ wá lẹ́nu." Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún tan ẹ̀ṣọ́ náà. Nígbàkígbà tí Windows bá ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, ọ̀gá wa á tẹ "tó bá yá," "tó bá yá" náà ò sì yá rí. Lálẹ́, orí ìrọ̀rí ló ń gbé e lé. Ihò tí kọ̀ǹpútà fi ń mí á dí pa, fáànù rẹ̀ á wá máa ké bí ẹ̀rọ ata lọ́jọ́ ọdún.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an tún ni ọ̀ràn mìíràn. Háàdì díìsìkì ayé àtijọ́ ni, èyí tó ní àwo tó ń yí po àti apá tín-ín-rín tó ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tẹ́ ẹ ní kó wá. Bí ẹ bá ṣí Word, apá yẹn á sáré lọ sí ibí. Bí ẹ bá ṣí Chrome, á sáré lọ sí ọ̀hún. Ẹni tó bá ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lọ po ẹ̀bà, kó jẹ ẹ́ tán, kó padà wá. Láptọ́ọ̀pù Apple ti kúrò nídìí àwo tó ń yí ti pẹ́. SSD ló wà nínú wọn, ohun kankan ò sì yí po nínú ìyẹn. Ìdajì ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "Mac yára," SSD ni wọ́n ń bá pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Ẹ fi ọ̀kan sínú láptọ́ọ̀pù dúdú yẹn, ẹ ó rí i pé òun náà lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ èyí fún ọ̀gá wa? Ẹni tó fẹ́ ta Mac fún un ni?

Ní ìpàdé kan, ó dìde láàárín ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, Windows ti dójú tì mí." Àwọn àgbà bá a kẹ́dùn.

Mo bá a dé Ìkẹjà lọ́jọ́ tó fẹ́ ra Mac. Ọmọ tó ń tajà náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé MacBook Air kalẹ̀, ó fẹ̀yìn tì.

"Ọ̀gá mi, ẹ gbé e wò. Ṣé ó wúwo?"

"Kò wúwo rárá."

"Ẹ fọwọ́ pa á lára. Irin ni o, kì í ṣe rọ́bà. Irú ẹ̀yin yìí kọ́ ló yẹ kó máa gbé láptọ́ọ̀pù dúdú kiri. Àwọn ẹgbẹ́ yín ti kúrò níbẹ̀."

"Àbúrò, mo gbọ́ pé kì í kó fáírọ́ọ̀sì."

"Mac kẹ̀? Ọ̀gá mi, fáírọ́ọ̀sì ò mọ̀nà ibẹ̀."

"Ṣé mo lè fi mẹ́mórì kún un tó bá yá?"

Ọmọ náà wúkọ́ díẹ̀. "Ọ̀gá mi, kí lẹ tún fẹ́ fi mẹ́mórì ṣe?"

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín, ó ṣe tránsífà owó tó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Ìbéèrè tó béèrè kẹ́yìn yẹn ló dára jù nínú gbogbo ìbéèrè tó béèrè lọ́jọ́ náà, òun nìkan ni kò sì gba ìdáhùn sí. Nínú àwọn Mac tó ń lo ṣíìpù Apple, mẹ́mórì àti ṣíìpù ti di ọ̀kan, ẹnikẹ́ni ò lè yọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò lè fi kún un. Iye tẹ́ ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ ó lò títí di ọjọ́ tẹ́ ẹ ó tà á. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2025, 200 dọ́là ni Apple ń gbà kó tó fi gígábáìtì 8 kún un fún yín látilẹ̀wá, kí láptọ́ọ̀pù tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Fún láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà ní 999 dọ́là nígbà náà, ẹ ṣírò ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ní ti fáírọ́ọ̀sì tí kò mọ̀nà, ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún 2012 ó kéré tán. Ọdún yẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Flashback gba ara àlébù inú Java wọlé, ó sì wọ inú Mac tó lé ní 600,000 káàkiri ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apple rọra yọ gbólóhùn tó fi ń yangàn nípa fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú ìpolówó Mac. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń fi lẹ́tà ayédèrú ránṣẹ́ pé báǹkì yín fẹ́ ti àkáǹtì yín pa: mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè irú kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ń lò. Pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín tẹ̀ fún wọn, orí irin ló ti wá ni tàbí orí rọ́bà, ọ̀kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọ̀gá wa dùn ún wò. Ó tẹ Control pẹ̀lú C, ó tẹ Control pẹ̀lú V, nǹkan kan ò jáde. Command ló ń ṣiṣẹ́ yẹn lórí Mac. Ó fẹ́ ṣí fáìlì, ó fi ọwọ́ kàn án, ó tẹ Enter, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe látọjọ́ tó ti ń lo Windows. Lórí Mac, bí ẹ bá tẹ Enter lórí fáìlì, ohun tó máa rò ni pé ẹ fẹ́ yí orúkọ rẹ̀ padà. Inú bí ọ̀gá wa, ó tẹ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì tún tẹ Enter. Títí di òní, mínítì oṣù Kẹta ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ "kiloseleyibayi." Ọ̀rọ̀ wá burú sí i nígbà tó kan bọ́tìnì pupa. Lójú rẹ̀, X orí Windows àti pupa orí Mac, ọmọ ìyá ni wọ́n: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Kò mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ áàpù, fèrèsé nìkan ni pupa yẹn ń pa dé, áàpù fúnra rẹ̀ ṣì jókòó sínú, àmì tóótòòtó kan á sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀ nísàlẹ̀. Command pẹ̀lú Q ló ń lé e jáde. Lọ́jọ́ tí mo wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò ní àmì tóótòòtó lábẹ́. Gbogbo wọn wà láàyè, wọ́n ń jẹ mẹ́mórì tí ọmọ Ìkẹjà ní kí ló fẹ́ fi ṣe.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni mò ń bá a wí. Ojú àlejò là, kò fi ríran. Ẹni tó bá dé ìlú tuntun á ṣìnà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni bó ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀. Bí Windows bá ṣe ohun tí kò yé e, ó ní Windows ya wèrè. Bí Mac bá ṣe ohun tí kò yé e, ó ní Mac jinlẹ̀. Bí Windows bá ní kó dúró, ó ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Bí Mac bá ní kó dúró, wọ́n ń ṣe nǹkan dáadáa nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọkùnrin tí kò fi ìṣẹ́jú kan ka ohun tí Windows kọ síwájú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ ti wá di ẹni tó ń wo fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ títí di òru, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, tó ń ní "Ẹ ò rí ọgbọ́n!" Mo wò ó títí, mo rí i pé owó tó ná ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá fi mílíọ̀nù ra nǹkan kò ní gbà láyé pé nǹkan náà ń yọ òun lẹ́nu. Sùúrù ni wọ́n tà fún un ní Ìkẹjà, wọ́n fi Mac ṣe ẹ̀bùn lé e.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n fún ayọ̀. "O ò mọ ohun tí mo rí! Mo fa fèrèsé kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gbágbá, ó gba ìdajì! Mo fa ìkejì, ó gba ìdajì yòókù! Windows á ṣe bẹ́ẹ̀ láyé?" Windows 7 ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látọdún 2009. Mac ò ní ti ara rẹ̀ títí ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ Sequoia fi jáde ní ọdún 2024. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn oní-Mac ń ra áàpù ọ̀tọ̀ tó máa bá wọn ṣe é. Gbogbo ọdún tí idán yẹn fi wà lábẹ́ ìka rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù dúdú, kò fa fèrèsé kankan dé ẹ̀gbẹ́ rí. Mo ní, "Ẹ kú oríire, sà."

Ní ti ìyangàn, ẹ jẹ́ ká má purọ́, àwọn tó ṣe ẹrù náà mọ àwọn tó ń wo òkè dáadáa. Lára àwọn PowerBook, láptọ́ọ̀pù Apple ayé ìgbà kan, èso àmì Apple tí wọ́n yà sẹ́yìn rẹ̀ kọjú sí ẹni tó ni ín: bó bá pa láptọ́ọ̀pù náà dé síwájú ara rẹ̀, èso á dúró sánṣán. Bó bá wá ṣí i, àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ á máa rí èso tó dorí kodò. Wọ́n yí i padà nígbà tó yá. Ní báyìí, èso náà ń dúró sánṣán fún àwọn tí kò ra nǹkan kan, ẹni tó fowó rà á ló ń rí i ní ìdoríkodò kó tó ṣí i. Ẹ lọ wo ilé kọfí èyíkéyìí ní Lekki tàbí Yábàá, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi sítíkà èso náà lẹ ara láptọ́ọ̀pù tí kò bá Apple tan, láti ìran dé ìran.

Àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni àwọn tó ra Mac tòkunbọ̀ oní-Intel, tí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn fi Windows sínú rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀: láti ọdún 2006 ni Apple ti gbé Boot Camp jáde fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dé orí Mac oní-Intel tó kẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ Mac, inú rẹ̀ jẹ́ Windows, Office ayédèrú sì wà nínú Windows náà. Kí lẹ tún fẹ́ kí òwe wí?

Àwọn olówó ẹrù fúnra wọn ò bínú síra wọn tó bí àwa tá a rù ú ṣe ń bínú. Ọdún 1979 ni Steve Jobs àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, tí wọ́n rí kọ̀ǹpútà tó ń lo fèrèsé àti máòsì. Mac jáde ní oṣù Kìíní 1984, Windows tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá 1985. Apple gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní 1988 pé ó jí ìrísí òun, ẹjọ́ náà sì dà nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàárín gbogbo èyí, Microsoft ń ta ọjà fún àwọn oní-Mac láìdáwọ́ dúró: orí Mac ni Excel ti kọ́kọ́ jáde ní 1985, ó di 1987 kó tó dé orí Windows. Ẹni tó bá ń fi Excel bú Mac, kó rọra. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 1997, tí Apple ń pọ̀ọ̀kà ikú, Jobs dúró lórí pèpéle ní Boston, ojú Bill Gates sì yọ gàdàgbà lórí aṣọ sinimá lẹ́yìn rẹ̀. Microsoft ti gbà láti fi mílíọ̀nù 150 dọ́là ra ìpín nínú Apple. Àwọn olólùfẹ́ Mac tó wà nínú gbọ̀ngàn náà hó lé e lórí. Jobs ní tiẹ̀ ti gba owó.

Láti 2006 sí 2009, Apple ń ṣe ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀ṣìngín kan, Justin Long, ti ń pe ara rẹ̀ ní Mac, tí ọ̀kan tó wọ kóòtù fífẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní PC. Ìpolówó náà mú èèyàn púpọ̀ ṣí kúrò nílé. Ní 2021, Justin Long yẹn kan náà jáde nínú ìpolówó Intel, ó ń sọ ohun tí PC lè ṣe tí Mac ò lè ṣe. Òun náà ti ṣí. Wọ́n sanwó fún un lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n àwa là ń sanwó ká tó ṣí.

Mi ò wá sọ pé kò sí ẹrù tó wọ́ fúnra rẹ̀ o. Ó wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àbò ọ̀fẹ́ lórí Windows 10 dúró. Windows 11 tó ní ká lọ bá kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ra: ó ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà àbò inú kọ̀ǹpútà, àti ṣíìpù tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ń bọ́ ìdílé ní ìlú yìí ló dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ara wọn le, iṣẹ́ wọn ń lọ. Wọ́n fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní ọdún kan sí i. Ẹni tó bá torí èyí bínú kúrò, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n kó wo ibi tó ń sá lọ. Mo rí àwọn tó sá kúrò ní Windows 10 lọ ra MacBook Air 2017 tòkunbọ̀, èyí tí èso ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn yòò. Monterey ti ọdún 2021 ni ètò tó kẹ́yìn tó lè gbà. Apple sì ti kéde ní 2025 pé Tahoe ni yóò jẹ́ ètò ìkẹyìn fún gbogbo Mac oní-Intel. Ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n sá wọ̀, iná rẹ̀ ló ń tàn.

Ẹni tó bá sì torí iná NEPA ra Mac tó ń lo ṣíìpù M1 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, èmi ò ní bá a jiyàn. Láti oṣù Kọkànlá 2020 tí M1 ti dé ni ọ̀rọ̀ bátìrì ti yí padà. Wákàtí 15 ni Apple sọ pé MacBook Air oní-M1 lè fi wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ìpolówó kúrò níbẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù ṣì ń gbé èèyàn láti àárọ̀ dé alẹ́ láìtan jẹnẹrétọ̀. Ní ìlú tí epo bẹntiróòlù ti di góòlù, ìyẹn kì í ṣe àṣehàn. Akọ̀ròyìn tó ń ti inú mọ́tò fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ọmọ tó ń ṣe àtúntò fídíò, mo mọ àwọn tí Mac gbà sílẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó jáde nílé. Ọ̀rọ̀ tiwọn kọ́ là ń sọ.

Ti ọ̀gá wa là ń sọ. Air rẹ̀ ò ní fáànù rárá, nítorí náà kò sí ohun tó lè ké. Ó ṣì ń gbé e lé ìrọ̀rí. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, Mac náà á rọra dín iṣẹ́ kù fúnra rẹ̀ ni, kò ní pariwo. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti tún kún: "Mínítì tuntun Mac," "Mínítì Mac tó pé." Mac ní kò gbọ́dọ̀ ṣí áàpù tí kò mọ ẹni tó ṣe é, ó wá ọmọkùnrin mìíràn tó bá a ṣí i tipátipá, owó tó gbà wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Time Machine tó ń da fáìlì kọ wà níbẹ̀ látọdún 2007, díìsìkì kan péré ló fẹ́ kí wọ́n so mọ́ òun. Kò tíì ra díìsìkì. Ó ní iCloud ń bá òun tọ́jú gbogbo rẹ̀. Gígábáìtì 5 ni iCloud ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, iye kan náà tí OneDrive ń fún un lórí Windows tó sì kọ̀ láti lò. Àwòrán ìsìnkú ìyá alága ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ojoojúmọ́ ni Mac ń sọ fún un pé ààyè ti tán, ojoojúmọ́ ló ń tẹ "tó bá yá."

Ní ti àmì ohùn àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó máa ń sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé Windows ni kò jẹ́ kí òun kọ Yorùbá dáadáa nínú lẹ́tà ẹgbẹ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows. Èyí tí wọ́n ń pè ní ABC Extended wà nínú Mac: ẹ di Option mú, ẹ tẹ x, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tẹ e, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ á rí ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀. Lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ látorí Mac lọ́sẹ̀ tó kọjá bẹ̀rẹ̀ báyìí: "E ku ojo meta eyin eniyan wa."

Láptọ́ọ̀pù náà fẹ́lẹ́, àpò wáyà tó ń bá a rìn ló ti tóbi gbẹ̀ǹgbẹ̀. Ihò USB-C méjì ni Air ní, prọ̀jẹ́kítọ̀ ẹgbẹ́ ń fẹ́ HDMI, fláàṣì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fẹ́ ihò fífẹ̀ àtijọ́. Díìsìkì tó kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ láti Windows, NTFS ni wọ́n fi tò ó. Mac ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀, kò lè kọ nǹkan kan sí i. Ó ń wo fáìlì rẹ̀ bí ẹni tó dúró lẹ́yìn gíláàsì.

Ìpàdé ọdọọdún kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ wá dójú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, inú Access, áàpù àkọsílẹ̀ ti Microsoft, ni gbogbo rẹ̀ wà. Àgùnbánirọ̀ kan ló bá wọn ṣe é lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Microsoft ò ṣe Access fún Mac rí. Ọ̀gá wa wá a nínú Mac, ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tún pe ọmọ Ìkẹjà. Ọmọ Ìkẹjà ní kó ra Parallels, kó fi Windows sínú rẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù dúdú ti wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì. Ó fi fún un pé kó máa fi ṣeré. Ọmọ náà gbọn eruku inú fáànù, ó fi SSD rọ́pò díìsìkì àtijọ́, ó tan ẹ̀ṣọ́ padà, ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àbò ọdún kan yẹn, ó ń fi tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nínú owó rẹ̀ ló ti ń san ti Office ojúlówó. Ọ̀gá wa pè é níwájú mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé ó ṣì ń mí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, Dádì."

"Mo ní nǹkan kan nínú fláàṣì tí mo fẹ́ kó o bá mi ṣí. Sátidé ni ìpàdé wa."

"Kò burú sà, ẹ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú o, mo máa kọ́kọ́ yẹ fláàṣì yín wò bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀."

"Fáírọ́ọ̀sì kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, Mac ni mò ń lò!"

"Mo mọ̀ sà. Èyí tẹ́ ẹ fi rán bọ̀ọ̀dá sí mi lóṣù tó kọjá, mẹ́ta ni mo bá nínú ẹ̀."